Títún ọ̀rọ̀ ṣe nínú Vim: ẹ yéé fi x pa lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan

Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ mi ní Pánsẹ́kẹ́, l'Abẹ́òkúta, ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n fi ń mọ bí wọ́n ṣe ń wọ Vim, ètò tí a fi ń kọ fáìlì ọ̀rọ̀, tí a sì fi ń tún un ṣe, àti bí wọ́n ṣe ń jáde. Wọ́n mọ `i`, wọ́n mọ Esc, wọ́n mọ `:wq`. Ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń dúró sí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tí mo bá yọjú wò wọ́n, bọ́tìnnì ọlọ́fà ni wọ́n ṣì ń tẹ̀, tá-tá-tá-tá, títí wọ́n á fi dé ibi ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ yí padà. Wọ́n á wá fi `x` pa á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó dà bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn láti Kútọ̀ lọ sí Ìtòkú, tí ọkọ̀ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí owó ọkọ̀ sì wà lápò rẹ̀.

Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú máa ń gbé ìwé iye owó ọjà wọn wá fún wa. Tí aró bá wọ́n, gbogbo iye tó wà nínú ìwé náà ló máa yí. Ogójì ìṣẹ́jú ni ọmọ iṣẹ́ mi kan fi ṣe é nígbà kan, bẹ́ẹ̀ àṣẹ kan ṣoṣo ló gbà. Ẹ máa rí i ní ìpele karùn-ún.

Ohun tó ń dá wọn dúró ni pé wọ́n ń há àṣẹ sórí bí ẹni ń há orúkọ oògùn sórí. Vim ní ọ̀rọ̀-ìṣe, ó ní ọ̀rọ̀-orúkọ. Ẹ so méjèèjì pọ̀, gbólóhùn dé nìyẹn. Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta àti ọ̀rọ̀-orúkọ mẹ́wàá ti mọ ọgbọ̀n àṣẹ láì há ọgbọ̀n sórí.

Ohun tí ẹ nílò

- Vim tó pé. Lórí Ubuntu, èyí tó máa ń bá kọ̀ǹpútà wá kò pé, ìdajì ni. Ẹ kọ `sudo apt install vim` sínú terminal (fèrèsé tí a ń kọ àṣẹ sí) kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá tẹ ọlọ́fà lẹ́nu ìkọ̀wé, tó wá ń kọ A, B, C, D sí yín lójú, èyí tí kò pé lẹ ṣì ń lò.
- Kíbọ́ọ̀dù tí Esc rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Tí Esc bá ti kú, Ctrl àti `[` ń ṣe iṣẹ́ kan náà.
- Caps Lock tí kò tàn. Mo máa padà sórí èyí.
- Ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ lè kọ́kọ́ kọ `vimtutor` sínú terminal. Ẹ̀kọ́ nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni, ó dára, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré kò tó.
- Fáìlì ìdánrawò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi iṣẹ́ oníbàárà dánra wò. Ẹ kọ èyí sínú fáìlì tí ẹ pè ní `owo.txt` (iye owó inú rẹ̀, àpẹẹrẹ lásán ni):

```
àdìrẹ ẹlẹ́kọ, "aró dúdú", 7500
àdìrẹ oníko, "aró dúdú", 6000
àdìrẹ alábẹ́rẹ́, "aró fẹ́ẹ́rẹ́", 8500
kàmpálà, "aláwọ̀ mẹ́ta", 5000
kàmpálà, "aláwọ̀ méjì", 4500
```

Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kan síbi mìíràn, torí ẹ máa bà á jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà.

Ìpele 1: Ipò àṣẹ ni ilé yín

Vim ní ipò àṣẹ, ó ní ipò ìkọ̀wé. Nínú ipò ìkọ̀wé, `-- INSERT --` máa wà nísàlẹ̀ ojú ìwé, lẹ́tà tí ẹ bá tẹ̀ ló sì máa jáde. Nínú ipò àṣẹ, àṣẹ ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn máa gbé inú ipò ìkọ̀wé bí ẹni tó wà nínú Word. Ẹ wọlé, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ kọ, ẹ tẹ Esc, ẹ jáde.

Ẹnu ọ̀nà mẹ́rin ló yẹ kí ẹ mọ̀: `i` wọlé sí apá òsì kọ́sọ̀ (àmì tó ń fi ibi tí ẹ wà nínú ìwé hàn), `a` wọlé sí apá ọ̀tún rẹ̀, `A` gbé yín lọ sí ìparí ìlà, `o` la ìlà tuntun sísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ `i` nìkan, wọ́n á wá fi ọlọ́fà rìn dé ìparí ìlà. `A` ti ṣe é.

*Ẹ ṣọ́ra:* Tí Caps Lock bá tàn, `j` di `J`, ìlà méjì á lẹ̀ mọ́ra wọn. Ẹ má ṣe tẹ ohunkóhun mọ́. Ẹ pa Caps Lock, kí ẹ wá máa tẹ `u` títí nǹkan fi padà bó ṣe wà. Lórí àwọn terminal kan, Ctrl-s tí ẹ fi ń séèfù níbòmíràn máa mú kí gbogbo rẹ̀ dì gbagidi. Kọ̀ǹpútà yín kò kú o, ẹ má pa á. Ctrl-q ló ń tú u.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ tẹ Esc lẹ́ẹ̀mejì. Tí `-- INSERT --` kò bá sí nísàlẹ̀ mọ́, ilé lẹ wà. Tí ẹ bá kọ `:q!`, ẹ jáde láì tọ́jú ohunkóhun. Tí ẹ bá kọ `:wq`, ẹ tọ́jú rẹ̀ kí ẹ tó jáde.

Ìpele 2: Ẹ máa fò

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ á ní kí ẹ kọ́ `h j k l` ná. Lójú tèmi, ẹ lè fìyẹn sílẹ̀ dọ̀la. Èèyàn tó ń tẹ `l` nígbà ogójì kò sàn ju ẹni tó ń tẹ ọlọ́fà nígbà ogójì lọ. Ìwọ̀nyí ni kí ẹ mú:

`w` lọ sí ọ̀rọ̀ tó kàn. `b` bọ̀ sẹ́yìn. `0` bẹ̀rẹ̀ ìlà, `$` parí rẹ̀. `gg` òkè pátápátá, `G` ìsàlẹ̀ pátápátá, `3G` ìlà kẹta. `f` ni fò: `f,` fò lọ sórí kọ́mà tó kàn, `;` sì tún fò lọ sí òmíràn. Tí ibi tí ẹ ń lọ bá jìnnà, ẹ fi `/` wá a: `/8500`, ẹ tẹ Enter, ẹ ti dé.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Láti ìlà àkọ́kọ́, ẹ lọ sórí iye owó alábẹ́rẹ́ láì fọwọ́ kan ọlọ́fà. Ẹni tó lo ju bọ́tìnnì mẹ́fà lọ, kó tún un ṣe.

Ìpele 3: Ọ̀rọ̀-ìṣe àti ọ̀rọ̀-orúkọ

Ibí ni ọjà wà, ẹ fara balẹ̀.

Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta: `d`, `y`, `c`. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé `d` ni *dànù*, `y` ni *yá*: ẹ yá ẹ̀dà ọ̀rọ̀ náà, ẹ máa fi `p` lẹ̀ ẹ́ síbòmíràn. `c` kò sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, ẹ sáà há a sórí: ó ń da ọ̀rọ̀ nù, ó sì ń ṣílẹ̀kùn ipò ìkọ̀wé fún yín lẹ́ẹ̀kan náà kí ẹ kọ èyí tó máa rọ́pò rẹ̀.

Gbogbo ìrìn tí ẹ kọ́ ní ìpele 2 lè tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe. `dw` da ọ̀rọ̀ kan nù. `d$` dà á nù dé ìparí ìlà. `dt,` dà á nù *títí* dé ẹnu kọ́mà, kọ́mà fúnra rẹ̀ á sì dúró. Tí ẹ bá kọ `df,`, kọ́mà náà ti bá a lọ. Tí ẹ bá tẹ ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà lẹ́ẹ̀mejì, odindi ìlà ni: `dd`, `yy`, `cc`. Ẹ lè fi iye sí i, `d3w` fún ọ̀rọ̀ mẹ́ta. (Àwa ń sọ pé "ọ̀rọ̀ mẹ́ta", Vim ń sọ pé "mẹ́ta ọ̀rọ̀". Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ẹnu máa kọ́ yín níbẹ̀.)

Ṣùgbọ́n èyí tó ń mú iṣẹ́ yá jù lọ ni ọ̀rọ̀-orúkọ tó ní `i`. `i` yìí kì í ṣe ti ẹnu ọ̀nà tí a rí lẹ́ẹ̀kan. Tó bá ti tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe, *inú* ló ń jẹ́. `ci"` yí inú àmì àyọlò padà. `di(` da inú àkámọ́ nù. `yiw` yá odindi ọ̀rọ̀ tí kọ́sọ̀ wà lórí rẹ̀. `dip` da ìpínrọ̀ kan nù pátápátá. Tí ẹ bá fi `a` dípò `i`, ohun tó yí i ká náà á bá a lọ: `da"` mú ọ̀rọ̀ inú àmì àyọlò pẹ̀lú àmì náà.

Ẹ jẹ́ ká gbé ìlà àkọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kọ́sọ̀ wà lórí `à` tó bẹ̀rẹ̀ ìlà. Ìyá alàdìrẹ ní kí ẹ má pè é ní aró dúdú mọ́, aró kíkún ni. Ọ̀nà àwọn ọmọ iṣẹ́ mi: ọlọ́fà nígbà mẹ́rìnlá dé orí `a` inú àmì àyọlò, `x` mẹ́jọ, `i`, ìkọ̀wé, Esc. Ọ̀nà Vim: `ci"`, ẹ kọ `aró kíkún`, Esc. Ẹ kò tilẹ̀ ní láti rìn dé ibẹ̀. Tí àmì àyọlò bá ṣì wà níwájú lórí ìlà kan náà, `ci"` á wá a lọ fúnra rẹ̀.

*Ẹ ṣọ́ra, ibi mẹ́ta ni wọ́n ti ń ṣubú:*

Àkọ́kọ́, `dw` láti àárín ọ̀rọ̀. Tí kọ́sọ̀ bá wà lórí `n` inú `oníko`, `dw` á fi `o` sílẹ̀ fún yín. `diw` kò bìkítà ibi tí kọ́sọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀. Ẹ sọ `diw` àti `ciw` di àṣà, kí ẹ gbàgbé `dw`.

Èkejì, kọ́mà. Lójú Vim, kọ́mà kì í ṣe ara ọ̀rọ̀, nítorí náà `w` máa dúró lórí rẹ̀. `W` ńlá ló ń ka ohun gbogbo dé ibi àlàfo sí ọ̀rọ̀ kan.

Ẹ̀kẹta ló ń bí èèyàn nínú jù. Ẹ yá ọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú `yiw`, ẹ lọ da òmíràn nù pẹ̀lú `diw`, ẹ tẹ `p`, èyí tí ẹ dà nù ló padà wá! Vim ń fi ohun tí ẹ dà nù síbi tó ń fi ohun tí ẹ yá sí. Èyí tí ẹ yá kò sọnù o, ó wà ní àpò mìíràn. `"0p` ló ń mú un jáde. Ọmọ iṣẹ́ mi kan kọ `"0p` sórí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mi ò ní kó yọ ọ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ yá `ẹlẹ́kọ`, kí ẹ fi rọ́pò `oníko` ní ìlà kejì. Tí ìlà méjèèjì bá ti ń pe ara wọn ní ẹlẹ́kọ, tí kọ́mà sì wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ẹ ti gbà á. Ẹ tẹ `u` kí ohun gbogbo padà sípò. Tí ẹ bá dá a padà kọjá ibi tó yẹ, Ctrl-r ń dá ìdápadà padà.

Ìpele 4: Àmì ìdánudúró

`.` ń tún àtúnṣe tí ẹ ṣe kẹ́yìn ṣe. Ẹyọ bọ́tìnnì kan ni, ṣùgbọ́n òun ló yẹ kó máa pinnu bí ẹ ṣe ń ṣe àtúnṣe yòókù. Kí ẹ tó yí nǹkan padà, ẹ bi ara yín: ṣé mo lè tún èyí ṣe ní ibòmíràn?

Ẹ fi `/dúdú` wá ọ̀rọ̀ náà. Ẹ tẹ `ciw`, ẹ kọ `kíkún`, Esc. Ẹ tẹ `n` kó lọ sórí dúdú tó kàn, ẹ tẹ `.`. Ó parí. Tí ogún bá wà nínú ìwé, `n` àti `.` ni ìka yín á máa ṣe, ojú yín á sì máa rí èyí tí kò yẹ kó yí, ẹ ó fi `n` fò ó kọjá.

*Ẹ ṣọ́ra:* Tí ẹ bá tẹ ọlọ́fà lẹ́nu ìkọ̀wé, Vim á kà á sí pé ẹ ti parí àtúnṣe kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ òmíràn. `.` á wá máa tún ìdajì ṣe. Ohun kan náà ló ń ba `u` jẹ́. Tí ẹ bá ṣi nǹkan kọ, Esc ni, kì í ṣe ọlọ́fà.

Fún èyí tó dá yín lójú pé gbogbo rẹ̀ ni ẹ fẹ́ yí, `:%s/dúdú/kíkún/gc` wà. `c` tó gbẹ̀yìn yẹn á máa bi yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: `y` fún bẹ́ẹ̀ ni, `n` fún bẹ́ẹ̀ kọ́, `q` fún ó tó. Ẹ má yọ `c` yẹn kúrò ní ọdún àkọ́kọ́ yín.

Ìpele 5: Iye owó

Iṣẹ́ tó gba ogójì ìṣẹ́jú yẹn rèé. Ìyá ní kí á fi 500 kún gbogbo ọjà. Ẹ tẹ `gg`, ẹ tẹ `V`, ẹ tẹ `G`. Gbogbo ìlà á tàn. Ẹ wá tẹ `500`, kí ẹ di Ctrl mú, kí ẹ tẹ `a`. 7500 di 8000, 6000 di 6500, ó lọ bẹ́ẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Ctrl-x ló ń yọ ọ́ kúrò.

*Ẹ ṣọ́ra:* Nọ́ńbà *àkọ́kọ́* lórí ìlà ni Vim ń fi kún. Mo ti fi àṣẹ yìí ba iṣẹ́ oníbàárà kan jẹ́ rí. "5 yáàdì" ló wà níwájú iye owó nínú fáìlì tirẹ̀, gbogbo rẹ̀ di "505 yáàdì", ẹ̀yìn tí a tẹ̀ ẹ́ jáde lórí bébà tán la tó rí i. Èmi ni mo san owó bébà. Bákan náà, tí àmì `-` bá lẹ̀ mọ́ nọ́ńbà níwájú, Vim á kà á sí gbèsè: `-7500` á di `-7000`.

Fún irú fáìlì bẹ́ẹ̀, ẹ gba ohùn àṣẹ yín sílẹ̀. Ẹ lọ sórí ìlà àkọ́kọ́, ẹ tẹ `qa`, Vim ti ń gbọ́ yín nìyẹn. Ẹ tẹ `$` kí kọ́sọ̀ lọ sórí nọ́ńbà tó kẹ́yìn, `500` Ctrl-a, `j` kó bọ́ sórí ìlà tó kàn, ẹ tẹ `q` láti dákẹ́. `4@a` á ṣe é fún ìlà mẹ́rin yòókù. Ẹ lè kọ `100@a` pàápàá. Tí `j` kò bá ti rí ìlà mìíràn, gbogbo rẹ̀ á dúró. Àṣìṣe tó pọ̀ níbí ni kí èèyàn gbàgbé `j`: ìlà kan ṣoṣo á máa gba 500 léraléra, ìyá á wá máa ta kàmpálà ní owó mọ́tò.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́ àti ìlà tó kẹ́yìn, kì í ṣe ti àárín. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ń fara pamọ́ sí.

Ìpele 6: Àmì ohùn

Àwọn ìwé tí wọ́n fi èdè mìíràn kọ kì í sọ èyí fún yín. Ẹ wá `/alábẹ́rẹ́`, Vim ní kò sí, bẹ́ẹ̀ ẹ ń fojú rí i lójú ìwé. Kí ló fà á? Ọ̀nà tí wọ́n lè gbà tẹ `ẹ́` ju ọ̀kan lọ. Fóònù lè kọ ọ́ ní `ẹ` pẹ̀lú àmì òkè, kọ̀ǹpútà mìíràn lè kọ ọ́ ní `é` pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ (èyí tó wà lábẹ́ lẹ́tà). Ojú wa kò mọ ìyàtọ̀, Vim mọ̀ ọ́n.

Ẹ gbé kọ́sọ̀ sórí lẹ́tà náà, ẹ tẹ `ga`. Tí ẹ bá rí `1eb9` àti `0301`, ó dára. Tí ẹ bá rí `0323` níbẹ̀, àmì ìsàlẹ̀ ti ya kúrò lára lẹ́tà nìyẹn. Ẹ fi `sudo apt install icu-devtools` gbé irinṣẹ́ kan wọlé, kí ẹ wá kọ èyí nínú Vim:

```
:%!uconv -x any-nfc
```

Gbogbo fáìlì á di irú kan. *Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò* pẹ̀lú `ga` lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ tó `:w`.

Tí ẹ kò bá rántí àmì ohùn ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá, ẹ fi `\Z` sí i: `/ọkọ\Z` á mú ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ wá pa pọ̀. Àmọ́ `/aro\Z` kò ní rí aró, torí `ó` jẹ́ lẹ́tà odindi kan fúnra rẹ̀. Tí ó bá sì jẹ́ àmì ohùn nìkan lẹ fẹ́ pa rẹ́ lórí `ẹ́`, ẹ kọ `:set delcombine` ná. `x` á mú àmì lọ, á fi `ẹ` sílẹ̀.

Láti tẹ àwọn lẹ́tà wa, ẹ kọ èyí sínú `~/.vimrc`, fáìlì tí Vim máa ń kà nígbà tó bá ń ṣí:

```
digraphs e. 7865 o. 7885 s. 7779
digraphs E. 7864 O. 7884 S. 7778
```

Lẹ́nu ìkọ̀wé, ẹ tẹ Ctrl-k, `e`, `.`, ẹ ti rí `ẹ`. Àmì ohùn òkè: Ctrl-v, kí ẹ tẹ `u0301`. Ti ohùn ìsàlẹ̀: `u0300`. `.vimrc` ẹlòmíràn tó gùn ní ojú ewé mẹ́wàá, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Ìpele 7: Nígbà tí iná bá lọ

Ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà orí tábìlì mọ ohun tí mò ń sọ. Vim ń kọ iṣẹ́ yín pamọ́ sínú fáìlì kan tó parí sí `.swp`, lẹ́yìn igba lẹ́tà, tàbí tí ẹ bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin. Nítorí náà, tí iná bá padà, tí ẹ ṣí fáìlì, tí Vim kọ `E325: ATTENTION` gàgàrà sí yín lójú, ìròyìn ayọ̀ ni. Àwọn èèyàn máa ń bẹ̀rù, wọ́n á tẹ `D`, iṣẹ́ á lọ pátápátá.

`R` ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ ka ohun tó gbé wá, ẹ fi `:w` tọ́jú rẹ̀, ẹ jáde. Ẹ tún ṣí i. Á tún béèrè, ìgbà yìí ni `D` tó bófin mu. Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan ṣá: tí ẹ bá ti ṣí fáìlì náà sílẹ̀ ní fèrèsé mìíràn, ìkìlọ̀ kan náà lẹ máa rí. Ẹ kọ́kọ́ wo fèrèsé yín.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ ṣí `owo.txt`, ẹ kọ ìlà mẹ́ta láì tọ́jú rẹ̀, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ wá ti fèrèsé terminal náà pa lójijì. Ẹ padà wọlé pẹ̀lú `vim -r owo.txt`. Ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹ kó wà níbẹ̀.